Igun Ilé Gbẹ́nàgbẹ́nà

Nígbà tí àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí àjogúnbá gbogbo aráyé, ijó àti orin rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yìn. Ohun tí àwa fẹ́ sọ kì í gba àtẹ́wọ́: igun ilé tí gbẹ́nàgbẹ́nà ń kó igi, ọ̀bẹ àti ọ̀dà rẹ̀ sí, ní Kétu àti ní àwọn ìlú tó yí i ká. Ère púpọ̀ ni ó ń bàjẹ́ níbẹ̀ kí ó tó dé ojú agbo.

Igi tútù rọ ọ̀bẹ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e sínú oòrùn, ara rẹ̀ a gbẹ ṣáájú inú, a sì là. Abẹ́ òjìji ni ibùgbé rẹ̀. Èyí tí a kò tíì gbẹ́ tán, ẹ fi aṣọ tútù bò ó di ọ̀la. Ẹ má sì gbé e sílẹ̀ lásán. Ẹ fi òkúta gbé e sókè, nítorí ikán kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ère àti igi ìdáná.

Ọ̀dà, ẹ dé e pa. Ọ̀bẹ, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ fi epo díẹ̀ pa á lára.

Ṣùgbọ́n a kò fara mọ́ àṣà kíkó gbogbo irinṣẹ́ sínú àpótí tí a tì pa. Ọmọ tí kò rí àáké kò ní béèrè ohun tí a ń fi í ṣe. Ẹ tò wọ́n sára ògiri bí wọ́n ti ń tẹ̀lé ara wọn lẹ́nu iṣẹ́, àáké ṣáájú, ọ̀bẹ kékeré lẹ́yìn, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó, ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ tó.