Láti Kánsù Òṣòdì dé Àjọ Àgbáyé: Àlàyé lórí Ètò Ìjọba Àpapọ̀

Òṣòdì jẹ́ ibi tí ọ̀nà pọ̀ sí ní ìlú Èkó, ṣùgbọ́n ìjọba tí ó wà níbẹ̀ pọ̀ bí ọ̀nà ibẹ̀. Oníṣòwò tí ó pàtẹ ní ọjà Òṣòdì wà lábẹ́ kánsù, nítorí pé ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 fi ọjà àti gáréèjì sí ìkáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ibùdókọ̀ ńlá tí a ṣí níbẹ̀ ní 2019, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ni ó kọ́ ọ. Ọ̀nà márosẹ̀ tí ó ti Òṣòdì lọ sí Àpápá, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ìjọba àpapọ̀ kan náà ni ó tẹ́ irin tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà kọjá, ṣùgbọ́n láti 2024 ni ọkọ̀ ojú irin ti Ìpínlẹ̀ Èkó náà ti ń gbé èrò lórí irin yìí. Ẹnì kan ṣoṣo ni oníṣòwò yìí. Ìjọba mẹ́ta ni ó wà lórí rẹ̀. Bí ó bá sì lọ ra ọjà ní Kútọnu, òfin kẹrin tún dé, èyí tí í ṣe ti ECOWAS.

Ẹni tí kò bá mọ ìdí ọ̀rọ̀ lè rò pé rúdurùdu ni èyí. Ètò ni, ètò ìjọba àpapọ̀ sì ni orúkọ rẹ̀. Ní 1947, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tẹ ìwé kan jáde, nínú èyí tí ó ti sọ pé irú ètò yìí ni ó yẹ Nàìjíríà, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹ̀yà tí èdè àti àṣà wọn yàtọ̀ síra ni ó wà nínú rẹ̀. Ní ọdún kan náà, àwọn ènìyàn láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pàdé ní ìlú Montreux ní ilẹ̀ Switzerland, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ń fẹ́ kí a fi irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣe àkóso gbogbo ayé, kí ogun lè kásẹ̀ nílẹ̀. Nàìjíríà di ìjọba àpapọ̀ ní 1954. Ayé kò tíì dà bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí a mọ ohun tí ó fa ìyàtọ̀ náà.

Opó mẹ́rin ni ó gbé ètò ìjọba àpapọ̀ ró. Èkínní ni pípín iṣẹ́. Àwọn àgbà sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ohun tí kánsù lè ṣe, kí ìjọba tí ó tóbi jù ú lọ má ṣe gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí apá kánsù kò ká, bí ogun tàbí owó ilẹ̀, kí a gbé e lọ sókè. Èkejì ni pé ìwé òfin kan wà tí ó ga ju gbogbo àwọn ìjọba náà lọ, tí ọ̀kan nínú wọn kò lè dá yí padà. Ẹ̀kẹta ni pé ìjọba kọ̀ọ̀kan ń bá ará ìlú lò tààrà: ará ìlú ń dìbò fún un, ó ń san owó orí fún un, ó sì lè pè é lẹ́jọ́. Ẹ̀kẹrin ni ilé ẹjọ́ tí yóò parí ìjà nígbà tí ìjọba kan bá tẹ ààlà èkejì lójú.

Opó kẹta ni ó ya ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹgbẹ́ àjùmọ̀ṣe lásán. Nígbà Ogun Kírìjí, ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Ẹ̀kìtì àti Ìjẹ̀ṣà para pọ̀ láti dojú kọ Ìbàdàn, orúkọ ìṣọ̀kan wọn sì ni Ẹ̀kìtì Parapọ̀. Ìṣọ̀kan náà lágbára, ṣùgbọ́n ọba kọ̀ọ̀kan ṣì ni olórí ìlú tirẹ̀. Ìlú pẹ̀lú ìlú ni ó ṣe àdéhùn. Kò sí ìjọba tuntun kan tí ará ìlú dìbò yàn. Ẹgbẹ́ àjùmọ̀ṣe ni èyí. Ọ̀pọ̀ àjọ tí ayé ní lónìí ṣì wà ní ipò bẹ́ẹ̀.

Kí a tó lọ sí òkè òkun, ó yẹ kí a kíyè sí i pé opó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í dá dúró fúnra wọn. Ní 2003, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá kánsù tuntun 37 sílẹ̀ kún 20 tí ó wà nínú ìwé òfin. A fa Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò yọ lára Ìjọba Ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀, kí ìjọba lè súnmọ́ àwọn ènìyàn. Ní 2004, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ dá owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró nítorí ọ̀ràn náà. Èkó gbé e lọ sí Ilé Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jù Lọ. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejìlá ọdún yẹn, àwọn adájọ́ fi ọ̀rọ̀ sí ìhà méjèèjì. Wọ́n ní Ààrẹ kò ní agbára láti dá owó náà dúró. Wọ́n tún ní ìpínlẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣòfin kánsù tuntun, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò tíì parí títí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin àpapọ̀ yóò fi kọ orúkọ wọn sínú ìwé òfin. Síbẹ̀, ó di 2007, lẹ́yìn tí Umaru Musa Yar'Adua gorí oyè, kí owó náà tó jáde tán. Ilé ẹjọ́ wà, ìdájọ́ wà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó di àpò mú kò yára ṣí i. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ nínú orílẹ̀-èdè kan tí ó ní ọlọ́pàá àti ìwé òfin kan ṣoṣo, ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ìjọba gbogbo ayé gbọ́dọ̀ fi ara balẹ̀.

Àtẹ̀gùn tí ó tẹ̀lé Nàìjíríà ni ECOWAS, tí a fọwọ́ sí ìwé ìdásílẹ̀ rẹ̀ ní Èkó gan-an ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún 1975. Láti 1979 ni ó ti fi àṣẹ sí i pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ èkejì fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Ní 2003, Nàìjíríà ti bodè rẹ̀ pẹ̀lú Benin, oníṣòwò ọmọ Nàìjíríà kan sì pe orílẹ̀-èdè rẹ̀ lẹ́jọ́ ní ilé ẹjọ́ ECOWAS pé ìtìpa náà lòdì sí ẹ̀tọ́ òun láti rìn àti láti tà. Ní 2004, ilé ẹjọ́ náà dáhùn pé òfin òun kò gba ẹnì kọ̀ọ̀kan láàyè láti wá síwájú òun. Ìjọba nìkan ni ó lè wá. Ẹjọ́ tí oníṣòwò náà pàdánù ni ó la ojú àwọn aláṣẹ. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2005, a yí òfin padà: láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tí a bá tẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn rẹ̀ lójú lè lọ tààrà. Ní 2008, obìnrin kan tí a ti fi ṣe ẹrú ní ilẹ̀ Niger lo àǹfààní yìí, ilé ẹjọ́ sì dá ìjọba Niger lẹ́bi pé kò dáàbò bò ó.

Nípa bẹ́ẹ̀, opó kẹta ti ń dìde ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ṣùgbọ́n kò tíì kan òrùlé. Àwọn aṣòfin ECOWAS kì í ṣe ẹni tí ará ìlú dìbò yàn tààrà. Láti inú ilé aṣòfin orílẹ̀-èdè wọn ni a ti ń yàn wọ́n. Orílẹ̀-èdè tí ó bá bínú sì lè jáde, gẹ́gẹ́ bí Mali, Burkina Faso àti Niger ti ṣe ní ọjọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní 2025.

Bí a bá gun òkè sí i dé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, àlàfo náà fẹ̀ sí i. Orílẹ̀-èdè 193 ni ó wà nínú rẹ̀. Nínú àpéjọ ńlá rẹ̀, ìbò kan ni Nàìjíríà tí ènìyàn rẹ̀ ju igba mílíọ̀nù lọ ní. Ìbò kan náà ni Tuvalu ní, tí gbogbo ará rẹ̀ kò tó èrò ọjà Òṣòdì ní ọjọ́ kan. Nínú Ìgbìmọ̀ Ààbò, orílẹ̀-èdè márùn-ún péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pa ìpinnu àwọn yòókù. Kò sí aṣojú kan níbẹ̀ tí ará ayé dìbò yàn.

Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní The Hague fi agbára àti àìlera ètò yìí hàn pọ̀. Ọmọ Èkó, Táslim Ọláwálé Elias, jẹ́ ààrẹ rẹ̀ láti 1982 dé 1985. Níwájú ilé ẹjọ́ yìí ni Cameroon ti pe Nàìjíríà lẹ́jọ́ lórí Bakassi. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹwàá 2002, ó dá Bakassi fún Cameroon. Bọ́lá Ajíbọ́lá, tí Nàìjíríà yàn láti jókòó pẹ̀lú àwọn adájọ́ náà, kò fara mọ́ ìdájọ́ náà. Síbẹ̀ Nàìjíríà kó ọmọ ogun rẹ̀ kúrò ní 2006, ó sì fi ilẹ̀ náà lé Cameroon lọ́wọ́ pátápátá ní oṣù Kẹjọ 2008. Orílẹ̀-èdè méjì tí ìbọn wà lọ́wọ́ wọn gbọ́ràn sí ìwé ìdájọ́: ohun ìwúrí gidi ni. Ṣùgbọ́n ìjọba nìkan ni òfin ilé ẹjọ́ náà gbà láàyè níwájú rẹ̀. Apẹja Bakassi, tí ilé àti omi rẹ̀ jẹ́ ọ̀ràn tí a ń dá, kò ní ìjókòó níbẹ̀, a kò sì pè é dìbò. Òfin àgbáyé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òun kò lè dé ọ̀dọ̀ òfin náà.

Àwọn tí kò fẹ́ ìjọba àgbáyé a máa béèrè pé bí ìjọba kan ṣoṣo bá borí ayé, tí ó sì di ìkà, ibo ni ènìyàn yóò sá sí? Ìbéèrè náà wúwo. Ìdáhùn tí ó wà fún un ni opó kìn-ín-ní: kí a fún ìjọba bẹ́ẹ̀ ní kìkì ohun tí apá orílẹ̀-èdè kan kò ká, bí ogun, òkun, àjàkálẹ̀ àrùn àti ìyípadà ojú ọjọ́, kí ohun yòókù wà ní ilé. Àwọn kan dábàá pé kí a kọ́kọ́ dá ilé aṣòfin kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, tí àwọn ilé aṣòfin orílẹ̀-èdè yóò yan ènìyàn sí, kí ìbò tààrà tẹ̀lé e. Báyìí ni ilé aṣòfin ilẹ̀ Yúróòpù ṣe bẹ̀rẹ̀, kí ará ìlú tó dìbò yàn án fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 1979.

Ṣùgbọ́n a kì í kọ́ òrùlé kí a tó mọ ògiri. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà tún ní láti pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà, àti pé kánsù tí a dìbò yàn nìkan ni ó tọ́ sí i. Nǹkan bí ọdún 20 ni ó wà láàárín ìdájọ́ yìí àti ti 2004. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìjọba kan, ìbáà ṣe ti àgbáyé, jẹ́ ti àwọn ènìyàn, kí ó béèrè ohun mẹ́ta: ta ni ó dìbò yàn án, ta ni ó lè pè é lẹ́jọ́, ta ni ó di àpò rẹ̀ mú? Ẹni tí kò bá béèrè wọn lọ́wọ́ kánsù tí ó wà nítòsí ilé rẹ̀ kò ní mọ bí a ti ń béèrè wọn lọ́wọ́ ayé.