Ẹrù tí Ìyá Ẹja Dì fún Ọmọ

Ẹni tó bá ń sin ẹja àrọ̀ ní Òdòdè Ìdànrè, nísàlẹ̀ àpáta, mọ bí wọ́n ṣe ń mú ẹja bímọ. Wọ́n á gún abo ní abẹ́rẹ́ Ovaprim lálẹ́. Tí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á nu ara rẹ̀ gbẹ, wọ́n á rọra fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀, ẹyin á sì máa dà sínú abọ́. Akọ kì í jẹ́ kí wọ́n fún àtọ̀ òun jáde bẹ́ẹ̀. Ńṣe ni wọ́n máa ń pa á, kí wọ́n tó yọ ọ́. Wọ́n á pò ó mọ́ ẹyin, wọ́n á bu omi díẹ̀ sí i, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí nẹ́ẹ̀tì nínú omi. Bí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹyin á pa láàárín ọjọ́ kan. Èyí tó ti kú á funfun báláú.

Akọ tó kú torí ọmọ yìí kò tíì lẹ́nu ọ̀rọ̀ rárá. Ẹyin ń pín sí méjì, mẹ́rin, mẹ́jọ, jíìnì bàbá sì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń sùn. Iṣẹ́ tí jíìnì ìyá ti rán, ìyẹn RNA àti purotéènì tó dì sínú ẹyin kó tó yé e, ló ń darí gbogbo rẹ̀. Nínú zebrafish, ẹja abilà kékeré tí àwọn onímọ̀ fi ń ṣèwádìí, ó tó bíi wákàtí mẹ́ta, tí sẹ́ẹ̀lì ti fẹ́ tó 1,000, kí jíìnì ọmọ fúnra rẹ̀ tó jí dáadáa. Ẹrù ìyá á wá bẹ̀rẹ̀ sí í tán.

Ibi tó yà mí lẹ́nu jù nìyí. Lọ́dún 2018, àwọn onímọ̀ ní Ṣáínà ṣàlàyé jíìnì zebrafish kan tó ń jẹ́ huluwa. Abo tí jíìnì yìí bàjẹ́ lára rẹ̀ ń jẹun, ó ń lúwẹ̀ẹ́, ara rẹ̀ le koko, torí ìyá tirẹ̀ ti di èyí tó pé sínú ẹyin fún un. Ọmọ tirẹ̀ ló máa jìyà: kò ní ní orí, kò ní ní ọ̀pá ẹ̀yìn. Bó ti wù kí akọ dára tó, kò lè tún un ṣe.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùsìn ẹja, bí ẹyin abo kan bá ń kú ṣáá, bí ẹ tilẹ̀ ń pààrọ̀ akọ, tí ẹyin àwọn abo yòókù sì ń pa nínú omi kan náà, ẹ má dá akọ lẹ́bi mọ́. Ẹ yọ abo náà kúrò lára àwọn tó ń bímọ.