Ọ̀kẹ́ Kan: Ìtúpalẹ̀ Òǹkà 20,000

Bí olùkọ́ kan ní Ìdó-Ilé-Èkìtì, tàbí ní Àrámọkọ àti Ìjerò, bá kọ 20,000 sára pátákó, orúkọ méjì ni ó lè fi pè é. Èkíní ni ogún ẹgbẹ̀rún, tí ó bá ọ̀nà tí a fi ń kọ òǹkà lóde òní mu. Èkejì ni ọ̀kẹ́ kan. Orúkọ kejì yìí kì í ṣe ohun àtijọ́ lásán. Ìmọ̀ ìṣirò wà nínú rẹ̀ tí ó wúlò fún olùkọ́ àti atúmọ̀-èdè.

Owó ẹyọ ni orísun rẹ̀. Ogójì ẹyọ ni a máa ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá kan, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá sì kún àpò kan, èyí tí í ṣe ọ̀kẹ́. Ní 1887, Adolphus Mann, míṣọ́nnárì ará Jámánì, ṣàlàyé bí a ṣe ń ka ẹyọ inú àpò: márùn-ún márùn-ún lọ́nà ogún di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì sì di igba.

Ẹ jẹ́ kí a pe òǹkà tí ó ju 1 lọ, tí kò sì ṣeé pín láìṣẹ́kù àfi fún 1 àti fún ara rẹ̀, ní òǹkà àìlèpín. Ogójì jẹ́ 2×2×2×5; àádọ́ta jẹ́ 2×5×5; ẹ̀wá jẹ́ 2×5. Bí a bá sọ wọ́n di púpọ̀, 2 fara hàn lẹ́ẹ̀marùn-ún, 5 sì fara hàn lẹ́ẹ̀mẹrin. A lè mú 2 ní ọ̀nà mẹ́fà (láti orí àìmú rárá dé ẹ̀ẹ̀marùn-ún), kí a mú 5 ní ọ̀nà márùn-ún. Nítorí náà ọgbọ̀n òǹkà ni ó lè pín ọ̀kẹ́ láìṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n 3 àti 7 kò sí nínú rẹ̀. Bí ènìyàn mẹ́ta bá pín ọ̀kẹ́ kan, 6,666 ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, àṣẹ́kù sì jẹ́ 2. Bí wọ́n bá jẹ́ méje, 2,857 ni, àṣẹ́kù sì jẹ́ 1.

Igba lọ́nà igba jẹ́ 40,000, ìyẹn ọ̀kẹ́ méjì. Mílíọ̀nù kan ni àádọ́ta ọ̀kẹ́: 1,000×1,000 ni, 100×100×100 náà sì ni.

Síbẹ̀, ọ̀kẹ́ ní ààlà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó pe 345,000 ní ọ̀kẹ́ mẹ́tàdínlógún ó lé ẹgbẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó ní láti kọ́kọ́ fi 20,000 pín in. Àmì òǹkà tí ó wà níwájú rẹ̀ kò sọ ìyẹn fún un. Bílíọ̀nù kan yóò jẹ́ 50,000 ọ̀kẹ́, ìyẹn ọ̀kẹ́ méjì àbọ̀ lọ́nà ọ̀kẹ́ kan. Ta ni yóò tètè lóye rẹ̀?

Ohun tí ó yẹ ni pé kí a fi ogún ẹgbẹ̀rún, mílíọ̀nù àti bílíọ̀nù kọ́ni ní kíka àmì òǹkà, kí a sì fi ọ̀kẹ́ kọ́ni ní ìsọdipúpọ̀, ìpín àti àṣẹ́kù. Bí a bá sọ orúkọ náà nù, ìtúpalẹ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ yóò bá a lọ, ọmọ yóò sì rò pé inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ti wá.