Ìdánrawò ìbọn yíyìn nínú ilé pẹ̀lú lésà

Ìdánrawò ìbọn yíyìn pẹ̀lú lésà jẹ́ ọ̀nà tí àwọn eléré ìdárayá, àwọn agbófinró àti àwọn tí wọ́n ní ìwé àṣẹ ìbọn ń gbà kọ́ bí a ṣe ń yìnbọn láì tàsé, láì lo ọta tàbí ẹ̀tù kankan. Dípò ọta, ìtànṣán iná tín-ín-rín ni ó ń jáde láti ẹnu ìbọn, tàbí láti ẹnu ohun èlò tí a ṣe ní àwòrán ìbọn. Ìtànṣán náà yóò fi hàn lára àmì ibi tí ẹnu ìbọn kọjú sí ní àkókò tí ìka fà á gan-an. Ohun tí ó ń kọ́ni kò ju ìyẹn lọ, kò sì dín sí i. Àṣà yìí wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ní ìbọn nílé, ṣùgbọ́n inú eré Òlímpíìkì tí a ń pè ní modern pentathlon ni lésà ti gba ipò ọta pátápátá.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀

Kí lésà tó dé ni àwọn ènìyàn ti ń yìnbọn lófìfo. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò yọ gbogbo ọta kúrò nínú ìbọn, yóò kọjú rẹ̀ sí àmì kan lára ògiri, yóò sì rọra fa irin tí ìka máa ń fà títí tí yóò fi dún. Kò náni lówó, kò sì pariwo. Àléébù rẹ̀ ni pé kò sí ẹ̀rí kankan: akẹ́kọ̀ọ́ lè rò pé òun bá àmì náà nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ìbọn tó dún. Ẹ̀rí yìí ni lésà wá pèsè.

Theodore Maiman ni ó kọ́kọ́ mú kí lésà ṣiṣẹ́, ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 1960, ní ibùdó ìwádìí Hughes ní Malibu, ní Ìpínlẹ̀ California. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fi sínú ìbọn ìléwọ́ nígbà náà. Ó di ìgbà tí àwọn lésà kékeré tí ń lo bátìrì, irú èyí tí ó wà nínú ẹ̀rọ tí ń lo àwo CD, di olówó pọ́ọ́kú kí a tó lè fi wọ́n dánra wò nílé.

Ní ti modern pentathlon, Pierre de Coubertin ni a mọ̀ sí olùdásílẹ̀ rẹ̀, ó sì kọ́kọ́ wọ Òlímpíìkì ní Stockholm ní ọdún 1912. Ọta gidi ni wọ́n ń yìn nígbà náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bọ́ sí ìbọn afẹ́fẹ́ tí ọta rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 4.5. Wọ́n lo ìbọn lésà ní Òlímpíìkì Àwọn Ọ̀dọ́ ní Singapore ní ọdún 2010, nígbà tí ó sì di London 2012, òun ni wọ́n lò ní Òlímpíìkì àgbà. Níwọ̀n bí kò ti sí ọta, a lè ṣe ìdíje náà nínú ọgbà ìgbafẹ́ tàbí ní àárín ìlú láì bẹ̀rù pé yóò ba ẹni tí ń wòran. Òfin rẹ̀ kò ṣòro láti sọ: eléré yóò dúró ní mítà 10 sí àmì, yóò fi ọwọ́ kan ṣoṣo mú ìbọn, yóò sì gbọ́dọ̀ bá àmì tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 59.5 ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún kí ó tó tún máa sáré lọ. Bí kò bá tíì bá a ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, yóò dúró níbẹ̀ títí ìṣẹ́jú àáyá 50 yóò fi pé. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé, tí àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì, ni a ní kí ó mú ọwọ́ dúró ṣinṣin.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Oríṣi ohun èlò méjì ni ó gbajúmọ̀. Èkínní ni lésà tí a ṣe bí katiríìjì, tí a ń kì bọ inú ìbọn gidi. Ní ìdí rẹ̀ ni bọ́tìnnì kékeré kan wà. Bí irin ṣóńṣó inú ìbọn bá ti gbá a, iná yóò tàn fún ìgbà díẹ̀ púpọ̀, yóò sì kú. Èkejì ni ìbọn ìdánrawò tí kì í ṣe ìbọn rárá: ìwúwo àti ìrísí rẹ̀ sún mọ́ ti gidi, ṣùgbọ́n kò sí ihò tí ọta lè gbà wọ inú rẹ̀. Èkejì yìí ni ó sàn jù fún inú ilé, nítorí kò sí bí a ṣe lè ṣèèṣì ki ọta sínú rẹ̀.

Àmì pàápàá lè jẹ́ pátákó tí ó ní ẹ̀rọ tí ń mọ̀ bí iná bá kàn án, tàbí bébà lásán tí a lẹ̀ mọ́ ògiri. Bí ó bá jẹ́ bébà, a ó gbé fóònù sórí ìdúró níwájú rẹ̀, áàpù yóò sì máa fi kámẹ́rà wo ibi tí iná ti tàn, yóò sì máa ka iye ìgbà tí a bá àmì.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ọta gidi kì í fi hàn. Níwọ̀n bí iná náà ti máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó kú, bí ọwọ́ bá dúró, yóò hàn bí ẹyọ ààmì kan ṣoṣo; bí ọwọ́ bá mì, yóò fa ìlà kúkúrú lára ògiri. Fún ẹni tí ń lo ọwọ́ ọ̀tún, ìlà tí ó ń lọ sísàlẹ̀ lápá òsì sábà máa ń jẹ́ àmì pé ó já irin náà gbà lójijì dípò kí ó rọra fà á.

Ìdí tí ìyẹn fi ṣe pàtàkì hàn nínú ìṣirò. Ká ní àlàfo tí ó wà láàárín irin ìfojúwò ti iwájú àti ti ẹ̀yìn lórí ìbọn kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 16. Bí irin iwájú bá yẹ̀ ní ìdajì mìlímítà péré, ibi tí iná yóò bà ní mítà 10 yóò ti yẹ̀ ní nǹkan bí mìlímítà 31. Láti àárín àmì pentathlon dé etí rẹ̀ kò sì tó mìlímítà 30. Ìdajì mìlímítà ti tó láti mú ènìyàn tàsé.

Yàrá ọ̀pọ̀ ilé kò gùn tó mítà 10, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ìdíwọ́. Bí a bá dúró ní mítà 5, a ó tẹ àmì náà ní ìdajì títóbi rẹ̀, ìyẹn nǹkan bí mìlímítà 30 ní fífẹ̀, yóò sì rí lójú bákan náà.

Ohun tí lésà kò lè kọ́ni

Ìbọn gidi máa ń ta padà sẹ́yìn, ó sì máa ń pariwo. Ẹni tí kò tíì gbọ́ ariwo yẹn rí lè bá àmì lésà ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, kí ó sì tún gbọ̀n nígbà àkọ́kọ́ tí ó bá yin ọta. Ọta máa ń rọ̀ sísàlẹ̀ bí ó ti ń lọ. Ìmọ́lẹ̀ kì í rọ̀. Èyí tí mo rò pé àwọn ènìyàn kì í sábà rántí ni ti ohun tí ń rìn. Ọdẹ tí ń yìnbọn sí ẹyẹ tí ń fò gbọ́dọ̀ kọjú ìbọn síwájú ẹyẹ náà, kí ọta lè pàdé rẹ̀ lọ́nà. Ìmọ́lẹ̀ kò nílò irú àsìkò bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹni tí ó fi lésà nìkan kọ́ bí a ṣe ń lé ohun tí ń rìn yóò máa yin ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà gbogbo. Yorùbá ní orúkọ fún ẹni tí kì í tàsé, ìyẹn atamátàsé. Kò dájú pé lésà nìkan lè sọ ẹnikẹ́ni di ọ̀kan.

Ewu àti ìṣọ́ra

Ewu tí ó tóbi jù ni ìbọn tí gbogbo ènìyàn gbà pé òfìfo ni. Bí ó bá jẹ́ ìbọn gidi ni a fẹ́ lò, gbogbo ọta gbọ́dọ̀ wà ní yàrá mìíràn, kí a sì fi ojú wo inú ìbọn, kí a tún fi ìka kàn án. Lésà tí ó wà nínú ihò ìbọn kò tó ní ààbò: bí ọta bá ṣì wà nínú mágásíìnì, ó lè gorí nígbà tí a bá tún ìbọn náà kọ́. Ògiri tí a kọjú sí gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ó lè dá ọta dúró, kì í ṣe pákó pẹlẹbẹ tí ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn olùkọ́ tún máa ń kìlọ̀ nípa òpin ìdánrawò, nígbà tí ènìyàn ti dá ọta padà sínú ìbọn, tí ó wá ní kí òun tún fà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

Lésà fúnra rẹ̀ lè pa ojú lára. Èyí tí agbára rẹ̀ kò ju milliwatt 1 lọ, ìṣẹ́jú ojú máa ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ tí a ń tà fún ìdánrawò ń sún mọ́ milliwatt 5. Kí a má ṣe kọjú rẹ̀ sí ènìyàn tàbí ẹran, kí a sì bo dígí àti fèrèsé tí ó lè dá a padà.

Ní ti òfin, ní Nàìjíríà, òfin ìbọn ti ọdún 1959 ka ìbọn afẹ́fẹ́ pàápàá mọ́ èyí tí a gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ fún. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn òfin ọdún 1997 mú ọ̀pọ̀ jù lọ ìbọn ìléwọ́ kúrò lọ́wọ́ ará ìlú, òfin ọdún 2006 sì dènà títa ayédèrú ìbọn tí ó jọ ti gidi. Ìjọra yìí léwu níbikíbi tí ojú ìta ti lè rí i: ní oṣù Kọkànlá ọdún 2014, ní ìlú Cleveland ní Ìpínlẹ̀ Ohio, ọlọ́pàá kan yìnbọn pa ọmọ ọdún 12 kan tí ó mú ìbọn ìṣeré lọ́wọ́ nínú ọgbà ìgbafẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń ṣe ìbọn ìdánrawò ní àwọ̀ pupa tàbí búlúù, tí a sì fi ń gba àwọn tí ń lò ó nímọ̀ràn pé kí wọ́n fa kọ́tìnnì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.