Kí Ẹ Tó Ra Stáátà Tuntun

Rẹ́wáyà ni mí. Ọmọ Awoye ni mí, ní etí òkun Ìlàjẹ, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti pọ̀ ju alùpùpù lọ. Àwọn tó ní skútà láàárín wa, inú ọkọ̀ ni wọ́n ń gbé e sí lọ sí Igbókòdá kí wọ́n tó gùn ún lórí títì. Ìgbì á máa ta sí i lára lójú ọ̀nà. Nígbà tó bá yá, wọn á tẹ bọ́tìnnì stáátà, kò ní dá wọn lóhùn. Ẹni tí wọ́n bá pè á ní stáátà ti kú, kí wọ́n lọ ra òmíràn. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, nítorí pé ẹ̀bi kì í sábà jẹ́ ti stáátà.

Tíṣà kan gbé skútà rẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn tó ti ra stáátà tuntun. Tó bá tẹ bọ́tìnnì, ká-ká-ká ni ó ń dún, ẹ́ńjìnnì kò yí. Mo gbé mítà lé bátìrì: vóòtì 12.6. Bátìrì tó yó nìyẹn. Mo ní kó tún tẹ̀ ẹ́, nọ́ńbà náà kò fi bẹ́ẹ̀ wálẹ̀. Mo wá fi ẹnu mítà kan sórí nẹ́gátíìfù bátìrì, mo fi èkejì kan ara irin ẹ́ńjìnnì. Ó yẹ kí ó wà nítòsí òdo, torí wáyà ẹ́ẹ̀tì ló so àwọn méjèèjì pọ̀. Bó ṣe tẹ bọ́tìnnì báyìí, mítà fò kọjá vóòtì 3. Iná tó yẹ kó yí stáátà ń ṣòfò sójú ọ̀nà. Mo tú bóòtì tó de wáyà náà mọ́lẹ̀, mo rí i pé ìpẹtà ti bo ojú rẹ̀ tán. Mo fi sáńpépà ha á títí irin fi tàn, mo dè é le. Ó tẹ̀ ẹ́, ẹ́ńjìnnì jí. Stáátà àkọ́kọ́ tí wọ́n yọ, mo so ó mọ́ bátìrì nílẹ̀ níbẹ̀, òun náà yí dáadáa.

Ọ̀nà méjì ni iná ń gbà kí stáátà tó yí. Ọ̀nà kékeré gba fíùsì, kọ́kọ́rọ́, suwíìṣì bíréèkì àti bọ́tìnnì kí ó tó dé rílè, àpótí kékeré tó ń ṣílẹ̀kùn fún iná ńlá. Ọ̀nà ńlá ni wáyà tó nípọn láti bátìrì gba inú rílè lọ sí stáátà. Iná á gba ara ẹ́ńjìnnì àti wáyà ẹ́ẹ̀tì padà sílé.

Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì tí ohunkóhun kò dún, ọ̀nà kékeré ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ̀. Ọ̀pọ̀ skútà kì í dáhùn àfi tí a bá di bíréèkì mú, torí kò ní jíà tí à ń já. Ó lè ta lọ lábẹ́ ẹni. Ẹ di bíréèkì mú, kí ẹ wo iná ẹ̀yìn. Bí kò bá tàn, ẹ gbìyànjú bíréèkì kejì, kí ẹ sì yẹ suwíìṣì náà wò. Ẹ wo fíùsì pẹ̀lú.

Ká-ká-ká léraléra, bátìrì tó ti rẹ̀ tàbí ojú ìso tó ti dípẹtà ni. Bí bátìrì bá já sísàlẹ̀ vóòtì 9 nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́, ẹ lọ ṣáájì rẹ̀. Bó bá sì dún ká lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ gbé skútà sórí ìdúró àárín kí táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, ẹ pa kọ́kọ́rọ́, ẹ gbé jẹ́rìkáànì bẹntiróòlù jìnnà, torí iná á ṣẹ́. Ẹ wá fi súkúrúdíráfà so orí ńlá méjèèjì rílè pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí stáátà bá yí, rílè ló bàjẹ́. Bí kò bá yí, tí wáyà àti ẹ́ẹ̀tì sì mọ́, ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ tó tú stáátà. Kódà, kábọ̀n inú rẹ̀ nìkan ló lè ti jẹ tán, a sì lè pààrọ̀ ìyẹn láìra odidi.

Skútà Vespa tí Piaggio bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní Ítálì ní 1946, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ta á. Bí tiyín bá ṣì ní kíkì ẹsẹ̀, ẹ fi lọ síbi iṣẹ́, kí ẹ wá rẹ́wáyà tó bá yá.

Létí òkun wa, iyọ̀ ló ń dá èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìṣòro stáátà wọ̀nyí sílẹ̀. Iyọ̀ ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, kì í jẹ́ kí ojú irin gbẹ, bàbà á sì máa jẹ rà lábẹ́ rọ́bà láìsí ẹni tó rí i. Mo mọ̀ pé omi òjò tí a gbè ni à ń mu, síbẹ̀ abọ́ kan tó láti fọ iyọ̀ kúrò lára skútà lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e kúrò nínú ọkọ̀. Ẹ fi tapólì bò ó lójú omi. Ẹ fi gíríìsì pa ojú ìso bátìrì àti ẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí ẹ bá dè wọ́n tán. Tí ẹ bá ń tú bátìrì, nẹ́gátíìfù ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe rán oníbàárà lọ ra stáátà kí ẹ tó wọn ẹ́ẹ̀tì. Mítà kékeré kan ti tó fún un.