Ẹni Tí Yóò Pẹja Ní Odekpe, Kí Ó Kọ́kọ́ Béèrè Ẹni Tí Ó Ni Omi

Àwọn àgbà a máa wí pé odò kì í kún kí ó bo ẹja lójú. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n odò a máa kún kí ó bo ènìyàn lójú. Ọ̀rọ̀ yìí yẹ kí ó wà lọ́kàn àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé Onitsha àti agbègbè rẹ̀, tí wọ́n ń gbèrò àtifi ọjọ́ ìsinmi lọ pẹja nínú àwọn adágún kéékèèké ẹ̀bá Odò Ọya.

Odekpe wà ní ìhà gúúsù Onitsha, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogbaru ti Ìpínlẹ̀ Anambra. Ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá, Odò Ọya a máa kún àkúnya níbẹ̀, nítorí òjò òkè odò àti omi tí Odò Benue gbé pàdé rẹ̀ ní Lokoja. Omi a bo oko, ẹja a sì bá a wọ inú pápá, níbi tí wọ́n ti ń yé ẹyin, tí àwọn ọmọ wọn sì ń rí oúnjẹ jẹ. Bí omi bá ń fà láti oṣù Kọkànlá, àwọn kòtò a gbé omi dúró, ẹja a sì há sínú wọn. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti ń le sí i láti oṣù Kìn-ín-ní dé oṣù Kẹta ni adágún ń fà sí i, tí àrọ̀, epìyà àti òbòkun sì ń rọrùn láti pa.

Nítorí náà, oṣù ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tí ń múra ìrìnàjò yóò yàn. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, ọkọ̀ ojú omi kan tí ó gbé àwọn tí ń sá fún àkúnya omi dojú dé ní Ogbaru. Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde nígbà náà pé ènìyàn 76 ni ó kú. Àwọn wọ̀nyí kò lọ ṣe fàájì. Omi ni ó lé wọn kúrò nílé. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi eré lọ bá omi ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀.

Ohun kejì ni ẹni tí ó ni omi. Ẹni tí a bí ní etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ tàbí ní ilẹ̀ Ìlàjẹ lè rò pé ẹni tí ó bá ti ní àwọ̀n lè dà á síbi tí ó bá wù ú. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Ogbaru. Adágún tí àkúnya fi sílẹ̀ a máa jẹ́ ti ìdílé tàbí ti ìlú, gẹ́gẹ́ bí oko. Àwọn tí ó ni ín lè sé e kí ẹja lè dàgbà, kí wọ́n sì dá ọjọ́ tí gbogbo ilé yóò jọ wọ̀ ọ́. Wọ́n sì lè yá a fún apẹja kan fún owó. Ẹni tí ó bá ju ìwọ̀ sínú irú omi bẹ́ẹ̀ láìgbàṣẹ, olè ni wọn yóò pè é. Orúkọ burúkú náà kò sì ní mọ sí òun nìkan. Wọn yóò ní ọmọ Yorùbá ni.

Ọ̀nà àtigbàṣẹ kò le. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí ó wá ọmọ ìlú tí wọ́n jọ ń ṣòwò, kí ìyẹn mú un dé ọ̀dọ̀ olórí ìdílé. Kí ó mú obì dání, nítorí iyì obì lọ́dọ̀ Ígbò kò kéré sí iyì rẹ̀ nílé. Kí ó béèrè bóyá adágún ti ṣí, iye tí wọn yóò gbà, ohun èlò tí wọ́n fàyè gbà, àti ọjọ́ tí ó jẹ́ èèwọ̀. Ọjọ́ ọjà mẹ́rin, Eke, Orie, Afọ àti Nkwọ, ni Ígbò fi ń ka ọ̀sẹ̀, nítorí náà kí àlejò má fi kàlẹ́ńdà ara ògiri nìkan yan ọjọ́. Kí ó sì béèrè bí ọ̀nà ti rí, pàápàá ní ọjọ́ Ajé, nítorí láti oṣù Kẹjọ ọdún 2021 ni àṣẹ ìjókòó-sílé ti dí ọ̀pọ̀ ìrìnàjò lọ́wọ́ ní ìhà náà.

Ẹrù ìrìnàjò kò pọ̀: ọ̀pá ìwọ̀ àti okùn, ìwọ̀ ńlá fún àrọ̀ àti kékeré fún epìyà, ekòló fún ìdẹ, agbọ̀n, omi mímu àti bàtà rọ́bà gígùn. Kò dára láti fi ẹsẹ̀ lásán wọ omi tí kò ṣàn, nítorí kòkòrò tí ń mú ni tọ ẹ̀jẹ̀ a máa gbé inú rẹ̀. Bí ìwọ̀ bá mú òjijí, kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ gbá a mú, nítorí iná ara rẹ̀ lè gbé ènìyàn ṣubú sómi. Ẹni tí yóò bá wọ ọkọ̀, kí ó wọ ẹ̀wù tí ń mú ni léfòó, kí ó sì kọ ọkọ̀ tí èrò ti kún jù. Òfin àpapọ̀ ọdún 1992 lórí ẹja inú omi ilẹ̀ ka fífi oògùn olóró, ohun abúgbàù tàbí iná mànàmáná pẹja léèwọ̀.

Ọmọ Yorùbá kò ṣàjèjì sí omi yìí. Ní ọdún 1857, Àlùfáà Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, gba orí Odò Ọya kọjá ní etí ilẹ̀ Ogbaru dé Onitsha, láti dá iṣẹ́ ìjọ sílẹ̀ níbẹ̀. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ó lọ rí Ọbí Akazua, ó sì gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá tọ ipa bẹ́ẹ̀ lè má kó ẹja kún agbọ̀n nígbà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà yóò ṣí fún un ní ọdún tí ń bọ̀, àti fún ọmọ ìlú rẹ̀ tí yóò tẹ̀lé e.