Irú káàdì rídà wo ló yẹ kí ẹ fi kó àwòrán láti inú mẹ́mórì káàdì sínú kọ̀ǹpútà?

Ní Tamale, olú ìlú Ẹkùn Àríwá orílẹ̀-èdè Ghana, òpin ọ̀sẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi fún ayàwòrán. Bí yìgì bá parí lówùúrọ̀, ìsọmọlórúkọ lè máa dúró dè é lọ́sàn-án. Nígbà ọdún Damba, tí àwọn Dagomba máa ń fi ìlù àti ẹṣin ṣe, ẹnì kan ṣoṣo lè ya ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán láàárín ọjọ́ kan. Àwọn tó ń ṣe fíìmù ní èdè Dagbani náà wà nínú iṣẹ́ yìí. Gbogbo rẹ̀ pátá, inú mẹ́mórì káàdì ló kọ́kọ́ ń wọ̀, káàdì pẹlẹbẹ tí a lè fi ìka méjì mú. Fún ọ̀pọ̀ ayàwòrán, títí wọn yóò fi kó iṣẹ́ náà sínú kọ̀ǹpútà, kò sí ibòmíràn tí ó wà láyé.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a máa ra ẹ̀rọ tó ń ka káàdì náà, èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní káàdì rídà, ní ìràkurà. Òótọ́ ni pé a lè fi wáyà so kámẹ́rà mọ́ kọ̀ǹpútà tààrà. Ṣùgbọ́n bátìrì kámẹ́rà ni yóò máa tán lọ ní gbogbo àsìkò náà, bí ó bá sì kú lójijì, iṣẹ́ dúró nìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tó wà lára káàdì yín

Ọdún 2000 ni ilé iṣẹ́ SanDisk, Panasonic àti Toshiba dá ẹgbẹ́ tó ń ṣètò káàdì SD sílẹ̀. Káàdì SD ti ìbẹ̀rẹ̀ kì í gbà ju gígábáìtì 2 lọ. SDHC dé ní 2006, ó sì ń gbà tó gígábáìtì 32. SDXC tẹ̀ lé e ní 2009, ohun tó bá sì ju 32 lọ, òun ló ń gbà á, títí dé terabáìtì 2. Rídà tuntun a máa ka káàdì àtijọ́. Rídà tí wọ́n ṣe kí SDXC tó dé, ní tirẹ̀, lè má dá a mọ̀ rárá.

Ibí ni ewu ńlá wà. Nígbà tí rídà kò bá lè ka káàdì, kọ̀ǹpútà lè sọ pé káàdì náà ti bàjẹ́, kí ó sì ní kí ẹ fọ́máàtì rẹ̀. Ẹ má gbà. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ ki í sínú rídà mìíràn tàbí kí ẹ dá a padà sínú kámẹ́rà. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwòrán wà níbẹ̀ ní pípé, ẹ̀rọ tó ń kà á ni ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀. Ẹni tó bá gbà láti fọ́máàtì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ìgbéyàwó oníbàárà nù.

Kí ló ń mú kí ó pẹ́?

Ọ̀nà mẹ́ta ni fáìlì ń gbà kọjá: káàdì, rídà àti ihò USB ara kọ̀ǹpútà. Èyí tó bá lọ́ra jù nínú wọn ni àwọn yòókù yóò dúró dè. Rídà USB 2.0 kì í sábà kó ju mẹ́gábáìtì 35 tàbí 40 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lórí rẹ̀, káàdì gígábáìtì 64 tó kún yóò gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. Bí káàdì bá dára, tí rídà àti ihò kọ̀ǹpútà sì jẹ́ USB 3.0, èyí tí inú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ àwọ̀ búlúù, ìṣẹ́jú 12 lè tó.

Ní ìlú tí àwọn ènìyàn ti mọ ohun tó ń jẹ́ dumsor, orúkọ tí àwọn ará Ghana fún iná tó ń lọ tó ń bọ̀, ìṣẹ́jú 18 tó wà láàárín méjèèjì kì í ṣe ohun kékeré, pàápàá fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí kò ní bátìrì.

Rídà UHS-II tún wà, tí owó rẹ̀ ga. Ẹ yí ẹ̀yìn káàdì yín wò: bí ìlà irin tó wà níbẹ̀ bá jẹ́ ẹyọ kan, káàdì yín kì í ṣe UHS-II, rídà náà kò sì ní mú un yára. Lójú tèmi, owó yẹn dára jù láti fi ra káàdì kejì.

Ní ọjà

Ẹ mú káàdì tiyín lọ, kí ẹ dán rídà náà wò kí ẹ tó sanwó, ṣùgbọ́n kí ó má jẹ́ èyí tí iṣẹ́ oníbàárà wà nínú rẹ̀. Káàdì kò gbọ́dọ̀ máa mì nínú ihò. Èyí tó ní wáyà kúkúrú kì í fi bẹ́ẹ̀ fa ihò kọ̀ǹpútà ya bí èyí tó ń yọ gọngọ síta. Èyí tó ní orí USB àtijọ́ àti Type-C yóò wúlò fún fóònù pẹ̀lú. Ẹ wá ọ̀rá tàbí àpò kékeré fún un nígbà ọyẹ́, nítorí eruku Tamale kì í dá ihò kankan sí.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ọ̀mọ̀wé Kofi Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kúrò ní Ghana. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò Yorùbá ló fi Tamale sílẹ̀ nígbà náà, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ wà lára wọn. Àwòrán orí bébà ni ti ayé ìgbà yẹn. Bí omi bá tilẹ̀ ba igun rẹ̀ jẹ́ nínú àpótí, a ṣì lè dá ojú ìyá àgbà mọ̀. Káàdì tó bá kú kì í ṣẹ́ ojú kankan kù.

Nítorí náà, "Copy" ni kí ẹ yàn, kì í ṣe "Cut". Bí káàdì bá jẹ́ SD ńlá, ẹ fa bọ́tìnì kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ kí ẹ tó ki í sínú rídà, kí kọ̀ǹpútà má baà lè pa ohunkóhun rẹ́. Ẹ ṣe àdàkọ kejì sí ibòmíràn, kí ẹ ṣí mélòó kan wò. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fọwọ́ sí i kí ẹ tó yọ rídà. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ dá káàdì padà sínú kámẹ́rà, kí ẹ sì fọ́máàtì rẹ̀ níbẹ̀.